Ohun Tí Ààwẹ̀ Kò Ṣe

Kò sí ẹni tí kò ní ibì kan lára tí kì í fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn. Egbò ló wà níbi ti àwọn kan. Ti àwọn mìíràn, àpá lásán ni. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ yìí, irọ́ ló fi bo tirẹ̀, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run so irọ́ náà pinpin kí ẹnikẹ́ni má bàa tú u wò.

Aránṣọ ni. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, aṣọ ìgbéyàwó ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí títì. Nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá wọlé sórí àwọn aṣọ funfun tó so kọ́, ńṣe ni yóò dà bíi pé àwọsánmà ló sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sínú yàrá náà. Àwọn ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó a dúró níwájú dígí, Alábẹ́rẹ́ a kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, a gba ibí wọlé, a tú ibẹ̀ sílẹ̀, títí aṣọ yóò fi bá ọmọge mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í wo dígí náà. Ó sanra. Ó sanra débi pé orúnkún máa ń dùn ún bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, tí yóò sì di ẹsẹ̀ tábìlì mú kó tó lè dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, sanra bíi tirẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ìyẹn, nítorí bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lódìkejì títì á mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí, kì í sì í gba ẹni kẹta.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," Ẹlẹ́rìn-ín a wí fún ẹni tó bá fẹ́ fún ara rẹ̀ mọ́ wọn. "Ògo Olúwa ti kún ibí."

Gbogbo èèyàn a rẹ́rìn-ín. Alábẹ́rẹ́ náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá délé, a fi ojú sínú ìrọ̀rí, a sunkún.

Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì tíì rọ́mọ bí. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ ọmọ dà á láàmú rí. Ìyá ọkọ ni kò lè dákẹ́.

"Ìyàwó mi," ìyá wí lọ́jọ́ kan, "ṣọ́ra kí ọ̀rá má lọ gba ilé mọ́ ọmọ lọ́wọ́ o."

Ẹ̀rín ni ìyá fi sọ ọ́. Ó tiẹ̀ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Alábẹ́rẹ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ẹran ara, tí a kò rí orí rẹ̀ mú fà yọ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ló gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ kan tí àwọn dókítà fi ń sọ àpò oúnjẹ inú èèyàn di kékeré, tí wọ́n á sì yí ọ̀nà ìfun padà, kí ẹni tó sanra lè fọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ yìí, olùkàwé mi. Ó ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ká ní Alábẹ́rẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ ni, ká ní ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí rí ìtàn kankan kọ.

Ìgbéraga ni kò jẹ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ láéláé pé, "Àṣé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ." Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ gbààwẹ̀ níbi àdúrà kan tó jìnnà, níbi tí wọn kì í gbà kí èèyàn mú fóònù wọlé. Ọkọ rẹ̀ bá a di ẹrù. Ó wá aṣọ òtútù kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Mú un dání," ó ní. "Irú ibẹ̀ yẹn máa ń tutù láàárọ̀."

Ó mú aṣọ òtútù náà, ó sì gba ọsibítù lọ.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti ń darúgbó. Kó tó jẹ́ kó máa lọ, ó bá a sọ̀rọ̀ bíi bàbá. "Ẹ ó máa lo àwọn oògùn yìí títí ayé yín, torí oúnjẹ nìkan ò ní tó ara yín mọ́. Ẹ má ì tíì lóyún o. Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ balẹ̀ dáadáa. Dókítà yòówù tó bá sì fẹ́ tọ́jú yín, ẹ sọ fún un pé a ti yí inú yín padà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á máa wá àìsàn yín síbi tí kò sí."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Alábẹ́rẹ́ wí.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, apá lọ, ọrùn yọ jáde bí ẹni pé ó ti ń sá pamọ́ látọjọ́ yìí. Àwọn èèyàn ń dá a dúró lójú títì. Ojú ọgbẹ́ kéékèèké mélòó kan ló kù ní ikùn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè, ó ní eéwo ni, ó ní èṣù ló ń bínú. Ọkọ rẹ̀ gbà á gbọ́. Ṣé o mọ̀ pé irọ́ tó burú jù ni èyí tí a pa fún ẹni tí kì í yẹ̀ wá wò?

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú ìjọ. "Arábìnrin wa, ẹ sọ fún wa. Kí lẹ ṣe?"

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó rí ojú gbogbo wọn tó ń dán. Ó ní, "Ààwẹ̀ ni. Mo kọ oúnjẹ, mo dojú kọ Ọlọ́run, Ó sì bọ́ ọ̀rá kúrò lára mi bí ẹni bọ́ ẹ̀wù."

Ìjọ dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, wọ́n jó yí i ká. Ìyá ọkọ rẹ̀ jó débi pé gèlè rẹ̀ tú. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń nu ojú. Alábẹ́rẹ́ dúró láàárín wọn, irọ́ náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin.

Bí wọ́n ṣe jáde, Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn. Ó ti sunkún ayọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ọ̀rẹ́ mi, kọ́ mi. Irú ààwẹ̀ wo ni? Èmi náà ti ṣe tán. Orúnkún mi ń bẹ̀ mí."

Alábẹ́rẹ́ lè sọ òtítọ́ níbẹ̀, létí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wo ibòmíràn. "Ṣáà máa gbà á," ó ní. "Ìgbàgbọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín gbààwẹ̀. Ó gbà á gan-an ni. Ó ń gbọ̀n bó ṣe ń dirun fún oníbàárà, ètè rẹ̀ bó, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án kan, tí ìyàrun sì ṣì há sórí oníbàárà tó jókòó. Wọ́n pe Alábẹ́rẹ́. Òun ló bu omi sí i lójú. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bóyá ìgbàgbọ́ tèmi ló kéré."

Alábẹ́rẹ́ tún bu omi sí i lójú. 

Kò pẹ́, ó lóyún. Nígbà tí sísanra bá kúrò, oyún a máa yá wọlé. Dókítà àgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀. Ó ti yá jù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún obìnrin tó ti ń wọ́mọ láti ọdún yìí wá pé ayọ̀ rẹ̀ yá jù? Ọkọ rẹ̀, tó máa ń fi etí lé ẹ̀yìn fíríìjì láti gbọ́ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń mí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí lé ikùn ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," a wí, a sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwàdà kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Àwọn oògùn tí dókítà ní kó máa lò, abẹ́ bọ́tìnnì ló kó wọn pamọ́ sí, nínú agolo. Ní ọjọ́ kan ọkọ rẹ̀ wá wá bọ́tìnnì fún ẹ̀wù rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ bà wọ́n. Ẹ̀rù ba Alábẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kó gbogbo wọn dà nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ojú rẹ̀ ń gbẹ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń yọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wo àwọn aboyún sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

"Ṣé ẹ ń jẹun ṣá? Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí ẹ sọ fún wa?"

"Kò sí, mà."

Ó yani lẹ́nu. Lójoojúmọ́ ló ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé aṣọ tí a bá gbà wọlé, ká fi etí aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìrán rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ara yóò fẹ̀. Kò rò ó kan ara rẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọge kan, ó ń to abẹ́rẹ́ sí etí aṣọ. Ìrora kan gbá a lábẹ́ egungun ìhà, ó sì kọjá sí ẹ̀yìn bí ẹni fi ọ̀pá irin gún un. Abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ tú dà sílẹ̀. Ọmọge náà ké. Ẹlẹ́rìn-ín ló sáré wọlé, òun ló gbé e sínú takisí, wọ́n sì pe ọkọ rẹ̀ pé kó pàdé wọn ní ọsibítù. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ dé.

Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó tẹ ikùn rẹ̀ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ìrọbí. Oṣù ọmọ kò tíì pé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí? Níkùn pàápàá?"

Alábẹ́rẹ́ wo òkè àjà. Ọkọ rẹ̀ ló dáhùn, pẹ̀lú ìgbéraga pẹ̀lẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn aya rẹ̀. "Rárá o, dókítà. Abẹ ò tíì kàn án rí."

"Àyàfi ti Ọlọ́run!" ìyá ọkọ ta á lẹ́nu gbà. "Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, dókítà. Òròbó ni!"

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi ìka kan àpá kan. "Èyí ńkọ́, mà?"

"Eéwo ni," ni Alábẹ́rẹ́ wí.

Olùkàwé mi, jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi yìí. Ilẹ̀kùn ìgbàlà ọmọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó sọ. Ìrora ń pa á, síbẹ̀ ìtìjú pa á ju ìrora lọ. Ó rò pé, "Bóyá yóò lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìwọ ṣe máa ń rò.

Wọ́n fún un ní oògùn àyà títa àti ti ara ríro, wọ́n ní kó dúró kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ń wá àìsàn rẹ̀ síbi tí kò sí. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìfun tí wọ́n yí padà ti bọ́ sínú àlàfo kan bí ilé ọmọ ṣe ń tì í sókè, ó sì ti lọ́ pọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ àti ìyá rẹ̀ lọ mú aṣọ wá láti ilé. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná nínú fláàsì. Alábẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ọmọ yìí ò tàpá bó ṣe ń tàpá mọ́."

"Sinmi. Mo ti ń gbàdúrà látàná."

"Má gbàdúrà. Pe dókítà." Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tú ìrán lójú aṣọ. "Irọ́ ni mo pa. Abẹ ni. Wọ́n gé inú mi kù, wọ́n yí ìfun mi padà. Mi ò gbààwẹ̀ kankan, Ẹlẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá, mi ò gbà á."

Ẹ̀rín kan wà tí kì í kúrò lójú Ẹlẹ́rìn-ín, kódà bó bá ń sùn. Ó kúrò níbẹ̀ bí iná tí wọ́n pa. Ó dúró pẹ̀lú ìdérí fláàsì lọ́wọ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àjèjì.

"Mi ò ráyè bínú sí ọ báyìí," ó ní.

Ó sì sáré. Obìnrin tó máa ń sọ pé Ọlọ́run kò dá òun mọ́ eré, ó sáré gba ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù náà, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wẹ̀yìn, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ó ń ké pé, "Dókítà! Ẹ gbà wá! Wọ́n ti gé e tẹ́lẹ̀! Wọ́n ti gé e!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọjá. Mo gbàgbọ́ pé àwọn áńgẹ́lì kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé Alábẹ́rẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíákíá. Apá kan nínú ìfun rẹ̀ ti dúdú, ó ti kú. Wọ́n gé e, wọ́n sì gba ẹ̀mí ìyá là. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde. Obìnrin ni. Ó kéré, ó sì ti jìyà jù. Ó mí, ó tún mí. Wọ́n gbé e fún bàbá rẹ̀, torí pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe fún un mọ́. Bàbá gbé e sọ́wọ́ ńlá rẹ̀ tí epo ẹ̀rọ kì í tán nínú èékánná rẹ̀. Ó sọ orúkọ kan sí i létí. Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ náà dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn lórí tábìlì. Kò rí ojú rẹ̀ láàyè.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó ti bàbá lórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, mo béèrè lánàá," ó ní. "Ká ní mo mọ̀ ni..." 

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Èmi ni mo dá yín lóhùn," ó ní. "Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé rárá."

Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ jí, oòrùn wà lára ògiri. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó ti ń wù ú látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ikùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọkọ rẹ̀ dúró lójú fèrèsé. "Obìnrin ni," ó ní. "Ó jọ ọ́." Ó sì jáde.

Ìyá ọkọ wá lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló lé ọ débẹ̀ ni, ọmọ mi?" kò sì dúró gbọ́ èsì. Ọkọ ń wá lójoojúmọ́. Yóò gbé omi sílẹ̀, yóò tún aṣọ ìbora ṣe, yóò lọ. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Ẹlẹ́rìn-ín kò wá fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé, ìyàrun ló mú wá. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sì ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀ tó ti ta kókó.

"Ṣé o ń bínú sí mi?" Alábẹ́rẹ́ béèrè.

"Mo ń bínú. Jókòó dáadáa." Ó ya irun náà díẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ fún Ọlọ́run nígbà tí ebi ń pa mí yẹn? Mo ní, 'Bàbá, ṣé ọ̀rá tèmi ló wá wù Ọ́ ni?' Mo rò pé Ó fẹ́ràn rẹ jù mí lọ. O jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ sunkún. Ojú iṣẹ́ abẹ ń dùn ún bó ṣe ń sunkún, síbẹ̀ kò lè dá a dúró. "Mo pa ọmọ mi. Mo fi ẹnu bàbá rẹ̀ pa á. Ọlọ́run wo ni mo fẹ́ ké pè? Orúkọ Rẹ̀ ni mo fi parọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín dá ọwọ́ dúró. "Gbọ́ mi. Mi ò mọ ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, inú ń bí mi, mo ní mi ò ní wá síbí mọ́ láé. Ó wá dà bíi pé ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, 'Ta ni Jésù kú fún, Ẹlẹ́rìn-ín? Ṣé àwọn tó ní ẹ̀rí rere ni?' Mo jókòó, mo wò ó. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló kú fún. Elékèé ló kú fún. Ó kú fún èmi tí mo ń jowú rẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọdún tí a fi ń kún bẹ́ǹṣì yẹn, ṣé o ti bá A sọ òtítọ́ rí?"

"Mi ò sọ ọ́ rí."

"Sọ ọ́ báyìí."

"Ṣé Ó máa dá ọmọ mi padà?"

Ẹlẹ́rìn-ín kò parọ́ fún un. "Rárá," ó ní, omi sì ń dà lójú òun náà. "Kò ní dá a padà báyìí. Ìwọ ni Ó fẹ́ gbà padà."

Alábẹ́rẹ́ kò lè kúnlẹ̀. Ó tẹ orí ba níbi tó jókòó, pẹ̀lú ìyàrun lórí rẹ̀. Ó ní, "Olúwa Jésù, mo fi orúkọ Rẹ bo ara mi. N kò mọ̀ Ọ́, mo kàn ń lò Ọ́ ni. Mo parọ́, ọmọ mi sì kú. N kò ní ohun tí mo lè mú wá. Bí O bá lè gba irú èmi, gbà mí."

Ariwo kankan kò sọ. Yàrá náà dákẹ́, aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan rí òun níhòòhò tí kò sì gbójú kúrò.

Ìbànújẹ́ kò lọ. Mi ò ní tàn ọ́. Ó ń sunkún lọ́nà ilé, ó sunkún nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ, ó béèrè ìbéèrè kan.

"Nígbà tí wọ́n ṣe é fún ọ lọ́hùn-ún, ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan. Aṣọ òtútù tí ẹ fún mi ni mo dì mú."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún níṣojú rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ọmọ ti lọ. "Ká ní o sọ fún mi," ó ń wí, "ká ní o ṣáà sọ fún mi ni, ǹ bá tẹ̀ lé ọ lọ. Ǹ bá jókòó tì ọ́."

Alábẹ́rẹ́ wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí." Ọkọ rẹ̀ kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó sọ orúkọ tó sọ ọmọ náà fún un, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n dòní.

Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, ó ní kí pásítọ̀ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan pòṣé. Bàbá àgbàlagbà kan wí sókè pé, "Àwa tá a jó ńkọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló dìde, ó lọ dúró tì í, ó sì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́bìnrin kan bá a lẹ́bàá ògiri. Ó ń yí òrùka ìka rẹ̀ po. "Àǹtí, èmi náà ní nǹkan kan tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi."

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ ọ́?"

"Tó bá yá."

Alábẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, èmi náà sọ pé tó bá yá."

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, bóyá o kò sanra rí, bóyá oyún kò kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwọ náà so pinpin, o sì mọ̀ ọ́n bí ojú rẹ ṣe ń kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Má fi ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ tu ara rẹ nínú. Alábẹ́rẹ́ kì í pa ìsìn jẹ. Ó jó, ó kọrin, ó jẹ́rìí, kò sì tíì mọ Olúwa.

Jésù mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kí o tó bò ó, síbẹ̀ Ó gbé igi àgbélébùú nítorí rẹ. Kò béèrè ẹ̀rí dáradára lọ́wọ́ rẹ. Dákẹ́ díẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òtítọ́ fún Un ní ohùn ara rẹ, kí o sì ní kó gbà ọ́. Yóò gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí irọ́ rẹ ń jẹ lára.

Ọlọ́run dárí ji Alábẹ́rẹ́ pátápátá. Mo fẹ́ kí o gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tó yẹ kó ti máa kọ́ ìrìn báyìí, tó yẹ kó máa di ẹsẹ̀ tábìlì mú nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún aṣọ funfun, tí kò sì sí níbẹ̀. Òtítọ́ ìyá rẹ̀ dé, ó sì gba ìyá rẹ̀ là. Ó ti pẹ́ jù fún òun.

Sọ tìrẹ lónìí, nígbà tó ṣì lè wúlò fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìwọ nìkan.